Káàdì Ìwọlé Ti Kúrò Nínú Bàálù, Ó Ti Wọ Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìdánwò, kì í sì í ṣe ti owó ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ilé ni. Ọlidé ti ń kanlẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ nínú wa ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn òbí àti ẹ̀gbọ́n wa tí ó wà ní Hyattsville, ní Lanham, ní Bowie àti ní Laurel sì ti ń di ẹrù. Ẹni tí ó bá gbé agbègbè Prince George's yìí rí mọ̀ pé bí ọdún bá ti ń lọ sí òpin, àpótí ńlá ńlá ni ó ń kún inú pálọ̀, tí a ó máa gbé wọn sórí ìwọ̀n láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni ń wọn kòkó. Ẹrù tí ó bá wúwo jù, owó ni a ó san lé e lórí ní Dulles, tàbí kí a yọ ọṣẹ àti bàtà díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò wúwo, tí a kò lè fi ọwọ́ gbé, tí ó sì lè dá àgbàlagbà dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú títí bàálù yóò fi gbéra. Fọ́ọ̀mù tí ó yẹ kí a ti kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí a tó kúrò nílé ni.

Ẹ rántí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Bí bàálù bá ku wákàtí kan tàbí méjì kí ó balẹ̀, àwọn tí ń tọ́jú èrò yóò pín káàdì kéékèèké. Bírò kan ṣoṣo ni ó máa ń wà láàárín ènìyàn mẹ́fà, òun ni yóò sì máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Nígbà náà ni ìyá tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò rọra yíjú sí i pé, “Ọmọ mi, jọ̀ọ́ bá mi kọ tèmi, dígí mi wà nínú àpótí.” Gbogbo wa ni a mọ̀ pé dígí náà kò sí nínú àpótí kankan. A kì í sọ ọ́. A ó gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ìyá, a ó kọ káàdì, a ó fi ibi tí yóò ti tẹ àmì ọwọ́ rẹ̀ hàn án. Bí a bá fi máa gbọ́ pé kí a de ìgbànú, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lè ti kọ ti ènìyàn márùn-ún, àdúrà ni owó iṣẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn a sì máa ní ẹyọ obì kan nínú.

Iṣẹ́ yìí ti kúrò nínú bàálù báyìí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Àjọ Ìmígíréṣọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun, nígbà tí Olúbùnmi Túnjí-Òjò, ọmọ Àkókó, jẹ́ Mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tí Kẹ́mi Nandap sì jẹ́ ọ̀gá àgbà Àjọ náà. Nǹkan méjì ni wọ́n mú wá lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì yẹ kí a mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí ara wọn. Èkíní ni físà orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó gba ipò físà tí àwọn àlejò ń gbà tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá balẹ̀ tán. Èkejì ni káàdì ìwọlé àti káàdì ìjáde, tí àlejò gbọ́dọ̀ ti kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì dípò bébà. Káàdì ìwọlé kì í ṣe físà. Ẹni tí ó ní físà tí kò kọ káàdì, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ẹni tí ó sì kọ káàdì tí kò ní físà, kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n kàwé jù wá lọ pé nǹkan kan náà ni wọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé, “Ọmọ ilé ni wá, kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àlejò?” kí ó wo inú ilé rẹ̀ dáadáa. Àwọn àbúrò wa tí a bí sí ìhín, ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìyá àti bàbá wa tí wọ́n ti búra ní kọ́ọ̀tù ìjọba àpapọ̀ ní Greenbelt, tí wọ́n sì gba àsíá kékeré lọ́wọ́, ìwé aláwọ̀ búlúù náà ni wọ́n ń gbé kiri. Ọmọ Ẹ̀gbá tí ó lè ki oríkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ó bá fi ìwé Amẹ́ríkà lé orí tábìlì ní Ìkẹjà, àlejò ni ó jẹ́ nínú ìwé ìjọba. Ó dun ni, ṣùgbọ́n bí ó ti rí nìyẹn. Àlejò náà ni yóò sì kọ káàdì ìjáde nígbà tí ó bá ń padà bọ̀. Kí ó má sì ṣe pẹ́ ju iye ọjọ́ tí físà rẹ̀ gbà lọ, nítorí pé nínú ọdún 2025 yẹn kan náà ni wọ́n kéde dọ́là 15 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí àlejò bá fi kọjá àkókò rẹ̀.

Kí ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé. Ilẹ̀ Thailand pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 gan-an, kí ó tó ku ọjọ́ mẹ́ta tí èrò yóò dé ni wọn kì í gba fọ́ọ̀mù náà. Ti Singapore náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn pa káàdì ìwọlé wọn rẹ́ pátápátá ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Amẹ́ríkà tí a wà yìí ti ṣíwájú gbogbo wọn: àwọn tí wọ́n wá kàwé síhìn-ín ṣáájú 2013 yóò rántí káàdì funfun kékeré tí wọ́n ń pè ní I-94, tí wọ́n máa ń fi pín-ìn-nì mọ́ inú ìwé ìrìnnà. Láti ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2013 ni wọ́n ti ń kó o sínú kọ̀ǹpútà fúnra wọn fún ẹni tí ó bá bá bàálù wọlé.

Àwa ará Nàìjíríà pàápàá ti tọ́ irú rẹ̀ wò nígbà àrùn Kòrónà. Nígbà tí wọ́n ṣí pápákọ̀ Èkó àti ti Àbújá padà fún ọkọ̀ òkèèrè ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń kọ fọ́ọ̀mù ìlera, ibẹ̀ ni a sì ti ń san owó àyẹ̀wò tí a ó ṣe ní ọjọ́ keje tí a bá dé ilé. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ìgbìmọ̀ tí Boss Mustapha jẹ́ alága rẹ̀ gbé nọ́ńbà ìwé ìrìnnà èrò 100 tí kò wá ṣe àyẹ̀wò náà jáde, wọ́n sì fi òfin de ìwé wọn títí di ìparí oṣù Kẹfà. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kí ó yé wa pé fọ́ọ̀mù tí kò ní bébà ní eyín.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó ń dùn wá gan-an. Nígbà tí káàdì wà nínú bàálù, ìrànlọ́wọ́ wà nítòsí. Ìyá kò nílò ju kí ó yí ọrùn sọ́tùn-ún tàbí sósì. Nígbà tí káàdì wọ ilé, olúkúlùkù ni ó dá wà pẹ̀lú tirẹ̀, àwọn ọmọ sì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan ń ṣe ti òru, èkejì ń ṣe ti ọ̀sán. Ibi tí àyè bá sì ti ṣófo, oníṣòwò yóò jókòó sí i. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní agbègbè yìí, a kò ní í dárúkọ rẹ̀, tí ó gba àádọ́rin dọ́là lọ́wọ́ ìyá kan lórí káàdì ìwọlé nìkan. A kò bá wọn jà lórí owó; ẹni tí ó ṣiṣẹ́ yóò jẹun. Ṣùgbọ́n í-méèlì ara rẹ̀ ni ẹni tí ó bá ìyá kọ ọ́ fi sí inú fọ́ọ̀mù, nítorí náà inú fóònù rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí ìyá mú ìwé náà jáde ní pápákọ̀, ó pe ṣọ́ọ̀bù, agogo ń dún, kò sí ẹni tí ó gbé e. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Largo, tí ó ń fi fóònù kọ òmíràn fún ìyá rẹ̀ bí ó ti ń wa ọkọ̀ tí ó sì ń dúró níbi iná pupa. Ìyá wọ bàálù, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kò fẹ́ irú eré bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tí ó burú ju àádọ́rin dọ́là lọ. Ẹni tí a bá fi àwòrán ìwé ìrìnnà wa ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp ti ní orúkọ wa, ọjọ́ ìbí wa, nọ́ńbà ìwé wa àti àdírẹ́sì wa. Ní ìlú tí wọ́n ti ń fi irú nǹkan wọ̀nyí yá owó ní báńkì lórúkọ ẹlòmíràn, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fi ara ẹni lé àlejò lọ́wọ́. Bákan náà ni àwọn ibùdó ayédèrú wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ya àsíá ìjọba sí iwájú wọn, tí wọ́n sì ń gba owó lórí káàdì Singapore tàbí ti Thailand tí ìjọba ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ìrù àdírẹ́sì kí ẹ tó kọ ohunkóhun: ti ìjọba Nàìjíríà máa ń parí sí gov.ng, ti Amẹ́ríkà sí gov, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí gov.uk. Ti káàdì Nàìjíríà ni lecard.immigration.gov.ng.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, a jókòó ti ìyá kan ní Lanham láti bá a kọ tirẹ̀. Ìsẹ́yìn ni ó ń lọ. Orúkọ rọrùn, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rọrùn, ó di ibi tí wọ́n ti ń bèèrè àdírẹ́sì ibi tí yóò dé sí. Ìyá ní, “Ẹ sọ fún wọn pé ilé bàbá mi ni mò ń lọ.” A ní, “Ẹ̀yin mà, nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà ni wọ́n ń bèèrè.” Ó wò wá bí ẹni pé a kò gbọ́n. “Kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe? Bí wọ́n bá dé Ìsẹ́yìn, tí wọ́n bá dárúkọ bàbá mi fún ọlọ́kadà, kò sí èyí tí kò mọ̀ ọ́n.” Òótọ́ ni ìyá sọ, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kò mọ ọlọ́kadà kankan. A tẹ àbúrò rẹ̀ láago nílé, òun ni ó fún wa ní orúkọ àdúgbò àti ti òpópónà, a sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kún un.

Ó tún di ibi ìdí ìrìn-àjò. Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Òkú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ lọ sin. Ṣé wọ́n ní àyè fún ìyẹn?” A kọ ọ́ sí ìbẹ̀wò ẹbí. Ìyá ní kí a ka á sí òun létí lédè Yorùbá, a kà á, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìdajì wákàtí lọ, àti iyán pẹ̀lú.

Láti inú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni a ti rí àwọn ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀. Orúkọ ni àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọ́ bí ó ti wà nínú ìwé ìrìnnà, láìsí àmì orí, láìsí àmì ìsàlẹ̀, kódà bí wọ́n bá ti kọ ọ́ bàjẹ́. Nísàlẹ̀ ojú ewé tí àwòrán wà, ìlà méjì kan wà tí ó kún fún àmì bí orí ọfà. Ìlà yẹn ni ẹ̀rọ ń kà. Lẹ́tà 44 ni ìlà kọ̀ọ̀kan gbà, 39 péré ni ó sì kù fún orúkọ nínú rẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí bàbá sọ ní Olúwafúnmiláyọ̀, tí ìyá bàbá sọ ní Mọ́rẹ́nikéjì, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ náà kò sì kúrú. Àwọn ìyá tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ ọkọ nínú ìwé ìrìnnà, tí ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì sì fi orúkọ bàbá wọn rà á, kí wọ́n tún tíkẹ́ẹ̀tì ṣe kí wọ́n tó kọ káàdì.

Ọjọ́ ìbí tẹ̀lé e. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa kọ oṣù ṣáájú ọjọ́, nílé a máa ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù. 03/07 lè jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Keje, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ keje oṣù Kẹta, fọ́ọ̀mù kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí ìyá bá sì sọ pé ìgbà ogun Hitler ni wọ́n bí òun, tí ìwé ìrìnnà sì sọ pé 1947, 1947 ni kí ẹ kọ. Ẹ fi ìtàn ogun sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ń jẹun. Nọ́ńbà ọkọ̀ òfuurufú náà ń da ènìyàn láàmú: ẹni tí ó bá gba Lọ́ńdọ̀nù tàbí Frankfurt kọjá, nọ́ńbà bàálù tí yóò gbé e balẹ̀ sí Nàìjíríà ni kí ó kọ, kì í ṣe ti èyí tí ó gbé e kúrò ní Dulles. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ tí United bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ tààrà láti Dulles sí Èkó ní ọdún 2021 bọ́ nínú èyí. Àti í-méèlì: kí ó jẹ́ ti èrò fúnra rẹ̀, tàbí ti ọmọ rẹ̀ tí kì í pa fóònù.

Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. A mọ̀ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush ti gúnlẹ̀ sí Tilbury ní 1948 ni àwọn ará Karíbíánì ti ń rọ́ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ìwé ìrìnnà òbí wọn wọlé ní ọmọdé. Káàdì ìwọlé àwọn tí wọ́n dé ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 wà lọ́wọ́ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ní ọdún 2010 wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn dànù. Ọdún 2018 ni ayé tó gbọ́. Nígbà yẹn, wọ́n ti ń sọ fún àwọn arúgbó tí wọ́n ti san owó-orí fún ogójì ọdún pé kí wọ́n mú ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n dé wá. Àwọn kan pàdánù iṣẹ́, wọ́n ti àwọn mìíràn mọ́lé, wọ́n sì dá àwọn kan padà sí erékùṣù tí wọn kò rántí mọ́. Káàdì kékeré tí a ń fojú di nínú bàálù ni ìbá jẹ́rìí wọn. Nígbà yẹn, ìjọba nìkan ni ó ní i lọ́wọ́. Nísinsìnyí, ẹni tí ó bá kọ fọ́ọ̀mù lè ní tirẹ̀ lọ́wọ́, bí kò bá ya ọ̀lẹ.

Nítorí èyí kan náà ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gbọ́dọ̀ máa yẹ I-94 tiwa wò ní gbogbo ìgbà tí a bá ti ilé dé. Ó wà ní i94.cbp.dhs.gov. Ẹ wo orúkọ, ẹ wo ọjọ́ tí ẹ wọlé, ẹ wo irú físà tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ àlejò lásán sí ẹni tí ó wá kàwé, kí ó tètè lọ sí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ilé-ìwé rẹ̀, yálà ní College Park tàbí ní Bowie State, kí ó tó di pé ó ń wá iṣẹ́ tàbí ìwé awakọ̀.

Ọ̀rọ̀ físà fúnra rẹ̀ wúwo ju kí a sọ ọ́ tán níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé láti oṣù Keje ọdún 2025, físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún oṣù mẹ́ta péré, ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tí akẹ́kọ̀ọ́ náà sì wà nínú wọn. Ìkéde tí Ààrẹ Trump fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2025 sì dá fífún àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ti Benin ní físà akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dúró láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026. Ẹni tí físà rẹ̀ bá ti parí, kí ó má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan láìjẹ́ pé ó ti bá ọ́fíìsì náà sọ̀rọ̀. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kò lè lọ sin òbí wọn nítorí èyí. A kí wọn kú ara fẹ́ra kù. Ó ṣeé ṣe kí àwọn gan-an jẹ́ ẹni tí yóò jókòó bá ìyá ẹlòmíràn kọ káàdì tirẹ̀.

Ètò tí a ṣe nìyí. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé mẹ́rin tí ó ṣáájú Kérésìmesì, láti agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di agogo kan, ẹni mẹ́ta nínú wa yóò wà ní ilé ìkàwé ìjọba ní Hyattsville, ẹni méjì yóò sì máa lọ sí ilé àwọn àgbàlagbà tí kò lè jáde. A kò ní í gba kọ́bọ̀. Kí èrò fúnra rẹ̀ wá, tàbí kí ó wà lórí fóònù, nítorí pé a kò ní í kọ ti ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó mú ìwé ìrìnnà, tíkẹ́ẹ̀tì, orúkọ òpópónà ibi tí ó ń lọ nílé, nọ́ńbà fóònù ẹnì kan níbẹ̀, àti í-méèlì tí ó ń ṣiṣẹ́. A ó ka gbogbo rẹ̀ sí i létí lédè Yorùbá kí a tó fi ránṣẹ́. Ẹni tí ó bá sì ní dígí, kí ó mú un wá.